Háàdì Tó Ń Ké ní Ìgàndó

Láti ìkóríta Ìkòtún títí dé Ìgàndó, èèyàn kò lè rìn jìnnà kó má rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń báni tẹ̀wé. Wọ́n ń ṣe fọ́tòkọ́pì níbẹ̀, wọ́n ń tẹ ìwé NIN jáde, wọ́n sì ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU, nítorí ọ̀nà yẹn kan náà ló gbà lọ sí Ọ̀jọ́ níbi tí yunifásítì ọ̀hún wà. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 1,277,714 sí Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìkòtún àti Ìgàndó wà, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní ìpínlẹ̀ Èkó tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìwé tí èrò tó pọ̀ tó yìí ń lò kò lè kéré, orí kọ̀ǹpútà méjì mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà.

Nínú ọ̀kan lára àwọn ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, nítòsí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìgàndó, ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ubuntu ló wà lórí ẹ̀rọ ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, kì í ṣe Windows. Fáírọ́ọ̀sì ló lé e débẹ̀. Gbogbo oníbàárà ló ń mú fíláàṣì wá, fáírọ́ọ̀sì sì ń bá fíláàṣì wọlé, títí tí fífọ Windows fi sú òun àti ẹni tó ń bá a tún ẹ̀rọ ṣe. Wọ́n wá gbé Linux sí i, ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki, Linus Torvalds, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991. Ubuntu jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀yà Linux, ọmọ ilẹ̀ South Africa kan tó ń jẹ́ Mark Shuttleworth ló dá a sílẹ̀ ní 2004, ọ̀fẹ́ sì ni. Windows ni wọ́n kọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn fáírọ́ọ̀sì inú fíláàṣì yẹn fún, wọn kò rí nǹkan ṣe lórí Linux. Ara ìyá balẹ̀. Àmọ́ Linux kò lè gba háàdì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú fáìlì sí, lọ́wọ́ ogbó.

"Ẹnjiníà, ó ń ké!" Ohun tí ìyá náà fi kí ọ̀dọ́mọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ nínú máruwá láti Ẹ̀gbẹ́dá nìyẹn. Òótọ́ ni. Bí èèyàn bá tẹ́tí sí àpótí kọ̀ǹpútà náà láàrin ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò, yóò gbọ́ tọ̀, tọ̀, tọ̀, yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Orí kẹrin iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ìyá ń tẹ̀ lọ́wọ́ láàárọ̀ nígbà tí ojú ẹ̀rọ dúró gbagidi. Nígbà tó tún ṣí, ẹ̀rọ ní òun kò lè tọ́jú fáìlì náà, pé òun lè ka háàdì ṣùgbọ́n òun kò ní kọ nǹkan sórí rẹ̀ mọ́. Ìyá pa á, ó tàn án. Ó tún pa á, ó tún tàn án. Ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù kejì ti ní kó jẹ́ kí òun bá a fọ́ọ̀mátì rẹ̀.

Ẹnjiníà kò tíì jókòó tó fi fa wáyà iná yọ lára ògiri.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn án mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọ́ọ̀mátì ẹ̀. Tí ilé bá ń jó, ẹrù la kọ́kọ́ ń kó jáde. Tá a bá kó ẹrù tán, a ó wá mọ̀ bóyá ilé ṣì ṣeé tún ṣe."

"Iṣẹ́ àwọn ọmọ LASU ńkọ́? Mo ti gbowó wọn o."

"Òun gan-an lẹrù tí mò ń wí, mà."

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà mí dúró díẹ̀ níbi gbólóhùn yẹn, torí pé gbogbo ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú, inú rẹ̀ ló ti jáde. Púpọ̀ nínú wa, tí kọ̀ǹpútà bá ti ń ṣe ségesège, àtúnṣe ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. A ó tàn án, a ó pa á, a ó sáré àwọn ètò tó ń tún dísìkì ṣe lórí rẹ̀. Ara àtúnṣe yẹn ni ọ̀pọ̀ fáìlì máa ń gbà kú, nígbà tó jẹ́ pé ká ní wọ́n ti kọ́kọ́ dà á kọ ni, wọn ì bá yè.

Ó ní ìdí tí háàdì kò fi fẹ́ ìkánjú. Àwo róbótó ló wà nínú rẹ̀, tó ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan. Orí kékeré tó ń kàwé, tó sì ń kọ̀wé, ń fò lórí àwo yẹn láìfara kàn án, àlàfo àárín wọn kò sì ju nánómítà díẹ̀ lọ. Irun orí èèyàn fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà nípọn jù ú. Háàdì àkọ́kọ́ tí IBM gbé jáde ní 1956 ní àwo 50, ìbú àwo kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 24, síbẹ̀ ohun tó lè gbà kò tó 5 MB. Ti ìyá yìí ń gba 500 GB, ọwọ́ kan ni wọ́n sì fi ń gbé e. Bí orí náà bá wá ibi tó yẹ kó kà tì, á padà síbi ìsinmi rẹ̀, á tún lọ. Lílọ àti bíbọ̀ yẹn ni à ń gbọ́. Bí orí tàbí àwo bá ti fara gbọgbẹ́, gbogbo ìṣẹ́jú tí ẹ̀rọ fi ń yí lè máa fi kún ọgbẹ́ náà.

Iná ni ẹnjiníà kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Iná ìjọba kò sí lásìkò náà, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní "I pass my neighbour" ni ìyá ń lò, ó sì ti so fíríìjì kékeré àti fáànù mọ́ ọn. Ẹnjiníà ṣàlàyé fún ọmọ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e pé háàdì tí iná kò tó lè ké gẹ́gẹ́ bí èyí tó ti bàjẹ́, torí agbára tó ń yí àwo náà ń já, ó ń padà. Wọ́n yí ẹ̀rọ sórí ínfátà ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí wọn. Wọ́n yọ wáyà tó so háàdì mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n fi tuntun sí i. Wáyà tí kò ju owó ráńpẹ́ lọ ti mú kí wọ́n ju ọ̀pọ̀ háàdì tó dá ṣáká nù. Nígbà tí wọ́n tàn án, igbe náà dín kù, àmọ́ kò tán.

Kò jẹ́ kí Ubuntu tó wà lórí háàdì náà fúnra rẹ̀ ṣí. Ó ki fíláàṣì tí Linux wà lórí rẹ̀ bọ ẹ̀rọ, ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbéra láti ibẹ̀, kí háàdì aláìsàn lè sinmi. Ó ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, ó tẹ `lsblk -o NAME,SIZE,MODEL,SERIAL`, ó sì mú bíírò, ó kọ nọ́ńbà ara háàdì náà sí bébà. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní lónìí ó lè jẹ́ `sda`, lọ́la ó lè di `sdb`, ẹni tó bá sì ṣi orúkọ méjèèjì mú nígbà tó ń dà á kọ, á da òfìfo lé iṣẹ́ oníṣẹ́ lórí. Nọ́ńbà ara háàdì kì í yí padà.

Lẹ́yìn náà ó tẹ `dmesg`. Ìwé tó gùn ṣàn jáde, níbẹ̀ ni kánẹ́ẹ̀lì, ọkàn Linux, ti ń sọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ìlà kan ń padà wá: `I/O error, dev sda, sector`, tí nọ́ńbà ńlá kan sì tẹ̀ lé e. Ohun tí ìlà yẹn ń wí ni pé kánẹ́ẹ̀lì bèèrè ohun tó wà ní ojú ibì kan, háàdì kò rí i mú wá. Òun ló fà á tí ẹ̀rọ fi dì láàárọ̀: kánẹ́ẹ̀lì máa ń fún háàdì ní ìṣẹ́jú àáyá 30 kó fi dáhùn kó tó gbà pé kò ní dáhùn, á sì tún béèrè. Ní ti kíkọ̀ tó kọ̀ láti tọ́jú fáìlì, ìlànà tí Ubuntu fi sílẹ̀ ni: bí àṣìṣe bá fara hàn lórí dísìkì, kí ó ti ilẹ̀kùn ìkọ̀wé pa, kí ìbàjẹ́ má bàa ràn. Ìyá rò pé ẹ̀rọ ń bá òun ṣe agídí ni. Ẹ̀rọ ń dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ibi tó kàn ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ jù. Gbogbo háàdì òde òní ló ń kọ àkọsílẹ̀ nípa ara rẹ̀, SMART ni wọ́n ń pè é, ètò kan tó ń jẹ́ smartmontools sì ni wọ́n fi ń kà á lórí Linux. Ẹnjiníà tẹ `sudo smartctl -H /dev/sda`. Ìdáhùn tó jáde ni `PASSED`. Inú ìyá dùn, ó ní ṣebí ó ti yege nìyẹn.

"Rárá, mà. Ẹ má gbà á gbọ́."

Ó tẹ `smartctl -A`, tábìlì gígùn jáde, ó sì fi ìka tọ́ka sí àwọn ìlà díẹ̀. Ìlà 5 ń ka àwọn sẹ́kítọ̀, ìyẹn ojú ibi kéékèèké lórí àwo, tó ti bàjẹ́ tí háàdì ti fi àfipamọ́ rọ́pò wọn. Ìlà 197 ń ka àwọn tí háàdì ti fura sí, tó ń kà tí kò rí kà, tí kò sì tíì mọ ohun tó máa ṣe sí wọn. Ìlà 198 ń ka àwọn tí àyẹ̀wò rẹ̀ kò rí gbà là. Ó yẹ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 0. Ti 197 ti kọjá 200, nígbà tó sì tún un yẹ̀ wò, ó ti gbéra sí i. Ìlà 199, tó máa ń fi wáyà tí kò dára hàn, wà ní 0, nítorí náà ẹ̀bi wáyà kọ́. Ìlà 9 ní kí n wò dáadáa: wákàtí tí háàdì ti fi ṣiṣẹ́, ó lé ní 31,000. Wákàtí yẹn ju ọdún mẹ́ta ààbọ̀ lọ, tọ̀sán-tòru, láìsinmi.

"Ọdún tó kọjá ni mo rà á," ni ìyá wí. "Wọ́n ní tòkunbọ̀ tó mọ́ ni."

Kò sí ẹni tó purọ́ fún un nípa mímọ́ rẹ̀, ara rẹ̀ ń dán lóòótọ́. Àmọ́ ara dídán kò sọ ọjọ́ orí háàdì. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹrù iná àlòkù ló ń wọlé lọ́dún kan, apá kan nínú wọn ni kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ nígbà tí wọ́n dé. Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra tòkunbọ̀, torí òun lówó wa ká. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí o ní kí ẹni tó ń tà á tẹ `smartctl -A` níwájú rẹ, kí o wo ìlà 9, 5 àti 197 kí o tó sanwó. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ìjọba Èkó ti ń gbèrò láti ọjọ́ tó ti pẹ́ láti kó Computer Village, ọjà kọ̀ǹpútà tó wà ní Ìkẹjà, wá sí Katangowa, lábẹ́ Agbádó-Òkè Odò ní Alímọ̀ṣọ́ níhìn-ín. Ọjọ́ tó bá dé, á wù mí kí àyẹ̀wò yìí jẹ́ àṣà gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó bá gba ilẹ̀ níbẹ̀.

Ìdí tí `PASSED` kò fi tó ohun tí à ń fọkàn tán hàn nínú iṣẹ́ tí Eduardo Pinheiro, Wolf-Dietrich Weber àti Luiz André Barroso ti Google tẹ̀ jáde ní 2007, lórí háàdì tó ju 100,000 lọ. Wọ́n rí i pé háàdì tí àyẹ̀wò bá ti rí àṣìṣe àkọ́kọ́ lórí rẹ̀, ewu pé yóò kú láàrin ọjọ́ 60 tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìlọ́po 39 ewu èyí tí kò ní àṣìṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó kú tí kò fi ìkankan hàn nínú àmì mẹ́rin tó lágbára jù. Bí àmì bá hàn, sáré. Bí kò bá hàn, má sùn lọ.

Ọmọ iṣẹ́ bèèrè bóyá kí wọ́n sáré `fsck`, ètò tó ń tún ìtò fáìlì ṣe. Ọ̀gá rẹ̀ kọ̀. `fsck` ń kọ nǹkan sórí dísìkì, ó ní, dísìkì tí kò rí ara rẹ̀ kà sì lè gba àtúnṣe òdì. Ó tún kọ àyẹ̀wò gígùn tó máa ń ka gbogbo ojú àwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí bí háàdì bá ṣì ní agbára láti ka gbogbo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ìgbà kan ṣoṣo yẹn ni kí a fi dà á kọ. Nígbà tí ọmọ náà wá dárúkọ fíríìsà, pé òun gbọ́ pé wọ́n máa ń gbé háàdì sínú rẹ̀ kó lè jí, ó ní omi tó máa sẹ̀ sínú rẹ̀ nígbà tó bá jáde ló máa parí iṣẹ́ tó kù.

Ìyá fi owó ránṣẹ́, wọ́n ra háàdì tuntun tó gba 1 TB, torí èyí tí a ń dà á kọ sí gbọ́dọ̀ tó èyí tí a ń dà kọ, tàbí kó jù ú lọ. Ètò tí wọ́n lò ni GNU ddrescue, tí Antonio Diaz Diaz kọ. Lórí Ubuntu, orúkọ tí wọ́n fi ń wá a ni gddrescue. Àṣẹ náà rèé, níbi tí `sda` ti jẹ́ háàdì àtijọ́, tí `sdb` sì jẹ́ tuntun:

`sudo ddrescue -f -d -n /dev/sda /dev/sdb haadi.map`

Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kì í bá ibi tó ṣòro jà. Ibi tó bá dán ló ń kọ́kọ́ kó, kíá. Bó bá kan ibi tó bàjẹ́, á fò ó, á kọ ọ́ sínú fáìlì `haadi.map` pé òun máa padà wá. Nítorí náà, bí háàdì bá kú láàárín, èyí tó pọ̀ jù á ti dé ibi ààbò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé `haadi.map` sórí fíláàṣì mìíràn, kò fi sílẹ̀ nínú Linux tó gbéra láti orí fíláàṣì àkọ́kọ́, nítorí ohun tó bá wà níbẹ̀ á pòórá bí iná bá lọ. Mo rò pé ó ń ṣọ́ra jù. Nígbà tó di ọ̀sán, ínfátà aládùúgbò fún ariwo, ó sì kú. Gbogbo nǹkan ṣókùnkùn. Ìyá fọwọ́ lérí. Wọ́n dúró títí iná fi dé, ẹnjiníà tẹ àṣẹ kan náà, ddrescue ka `haadi.map`, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé dúró. Fún ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, n kò mọ ohun tó tún lè dára ju ìyẹn lọ nínú ètò kọ̀ǹpútà.

Lẹ́yìn ìyípo àkọ́kọ́, ó yọ `-n` kúrò, ó fi `-r3` sí i, kí ó padà sí àwọn ibi tó bàjẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Igbe náà le sí i níbi yìí, ìyá sì bọ́ síta, ó ní òun kò lè gbọ́ ọ. Nígbà tó parí, ohun tó wà lójú ẹ̀rọ ni 99.99%. Nínú 500 GB, èyí tó kù jẹ́ nǹkan bí 50 MB.

50 MB kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tí tirẹ̀ bá wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ó fẹ́ mọ fáìlì tí ó bọ́ sí. ddrescue lè kọ ọ̀rọ̀ kan tí o bá yàn sí gbogbo ojú ibi tí kò rí gbà là lórí ẹ̀dà tuntun. Lẹ́yìn ìyẹn, o lè fi `grep` wá ọ̀rọ̀ náà nínú àwọn fáìlì. Ó yọ háàdì àtijọ́ kúrò lára ẹ̀rọ kí dísìkì méjì tí ohun inú wọn jẹ́ ọ̀kan náà má bàa da Linux láàmú, ó kọ ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀dà, ó wá sáré `e2fsck` lórí rẹ̀. Ẹ̀dà ni ó yẹ kí wọ́n tún ṣe, ibẹ̀ náà ló ti ṣe é. Àwọn fáìlì tó fara gbá ni fọ́tò ìwé ìrìnnà díẹ̀, fáìlì ètò tí wọ́n lè tún gbé sí i, àti orí kẹrin tí ìyá ń tẹ̀ láàárọ̀. Orí kẹrin yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ náà ti fi èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀ lórí ímeèlì. Ojú ewé tó kù, ìyá tún un tẹ̀ láti inú ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ.

Ká sọ pé háàdì náà kò yí rárá ni, iṣẹ́ yìí kò ní ṣeé ṣe lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù. Irú ìyẹn ń fẹ́ yàrá tí wọ́n ti sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun máa ṣí i fún ọ ní gbangba, má gbà fún un. Háàdì tí kò ní àwo, SSD, kì í ké ní tirẹ̀. Ó lè kú lójijì láìsọ tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà fi ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń lò ó pẹ̀lú.

Ohun kan kù tí wọn kì í sábà rò. Ìyá fẹ́ ju háàdì àtijọ́ sínú ìdọ̀tí. Láti Ìgàndó sí ààtàn Solous kò jìnnà, ẹni tó ń ṣa irin sì lè gbé e. NIN, ìwé ẹ̀rí ilé ìwé àti fọ́tò ìwé ìrìnnà àwọn ará àdúgbò ló wà lórí rẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni ní Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2023, kò yọ ṣọ́ọ̀bù kékeré sílẹ̀: ẹni tó bá gba ìwé èèyàn gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ. Ẹnjiníà gba háàdì náà, ó fi ẹ̀rọ lu àwo rẹ̀ jáde ní ojú púpọ̀ kó tó dá irin rẹ̀ padà.

Kó tó lọ, ó tan `smartd`, ètò tó ń ṣọ́ háàdì tó sì ń kìlọ̀ bí ìlà 197 bá gbéra. Ó tún ṣètò `rsync` kó máa da fódà iṣẹ́ kọ sí háàdì alágbèéká lálaalẹ́, ó sì ní kí ìyá máa gbé háàdì yẹn relé, kó má fi í sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní bí olè tàbí iná bá dé ibẹ̀, ẹ̀dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó á bá a lọ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú ṣọ́ọ̀bù yìí ní Ẹ̀gbẹ́dá, Ìdímù, Ìkòtún àti Ìgàndó, iṣẹ́ àwọn ọmọ wa àti ìwé àwọn òbí wa wà lọ́wọ́ yín. Lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ tó ti ilẹ̀kùn, ẹ ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ `sudo smartctl -A /dev/sda` fún yín. Bí ìlà 5, 197 tàbí 198 bá ti kúrò ní 0, ẹ má fọ́ọ̀mátì, ẹ má tún un tàn lọ́la. Ẹ kọ́kọ́ dà á kọ.